Onírúurú gẹ́gẹ́ bí Ohun Iyì: Ìtàn Èrò Kan láti Ìlú Yorùbá dé Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà

Àṣamọ̀

Pé àwọn ènìyàn yàtọ̀ síra wọn kì í ṣe ìròyìn tuntun ní àwùjọ kankan. Ohun tí ó ní ìtàn ni èrò pé ìyàtọ̀ náà níye lórí, àti pé ó tọ́ kí òfin dáàbò bò ó. Àpilẹ̀kọ yìí tọ ipasẹ̀ èrò náà láti inú àwọn ìlú Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún dé inú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1979 àti ti 1999. Ó ṣàlàyé pé ojú méjì ni òfin náà fi wo onírúurú: ojú kan ń wo ibi tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá, ojú kejì ń wo ibi tí ó ń gbé. Ojú àkọ́kọ́ ni ó rí agbára gbà, èkejì sì kù sínú ìwé. Àbájáde rẹ̀ kan ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sí ìlú tí kì í ṣe ti baba rẹ̀.

Ìfáárà

Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, nínú abala 14, ìlà kẹrin, pa á láṣẹ pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ máa ṣètò iṣẹ́ wọn lọ́nà tí yóò fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé onírúurú ènìyàn ni ó wà ní agbègbè tí àṣẹ wọn dé, kí gbogbo wọn lè gbà pé ara ilé ni àwọn náà. Ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò, ó sì dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọba tàbí ti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yóò rí i pé ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ibi tí ó ń gbé tàbí ibi tí ó ti ń san owó orí. Ibi tí àwọn baba rẹ̀ ti wá ni wọ́n ń béèrè, pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tí yóò jẹ́rìí sí i.

Báwo ni òfin tí ó fi iyì fún onírúurú ṣe wá di ohun tí ń ya ọmọ onílé sọ́tọ̀ kúrò lára àtìpó? Ìdáhùn náà kò sí nínú òfin nìkan. Ó wà nínú ìtàn èrò tí ó bí òfin náà, ìtàn yìí sì ní apá kan tí ó jẹ́ ti Yorùbá gan-an.

Ìyàtọ̀, Ìfaradà àti Iyì

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí onímọ̀ yà sọ́tọ̀. Èkíní ni ìyàtọ̀ fúnra rẹ̀: pé èdè, ẹ̀sìn, ìran àti iṣẹ́ ọwọ́ kò rí bákan náà. Èkejì ni ìfaradà: pé àwùjọ gbà kí ìyàtọ̀ náà wà, nítorí àlàáfíà tàbí nítorí ọjà. Ẹ̀kẹta ni iyì: pé àwùjọ rí ìyàtọ̀ náà bí ohun tí ó sàn kí ó wà ju kí ó má sí lọ. Ìlú lè wà nínú ipò kejì fún ọgọ́rùn-ún ọdún láì dé ipò kẹta.

Òwe Yorùbá mọ ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó ní ìka kò dọ́gba ń sọ nípa ìyàtọ̀ lásán. Ẹni tí ó ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà ti ń súnmọ́ ìfaradà: kí olúkúlùkù gba ibi tí ó mọ̀, kí gbogbo wọn sáà pàdé lọ́jà. Ṣùgbọ́n òwe tí ó ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrèǹgbè, jinlẹ̀ ju méjèèjì lọ. Kì í ṣe pé ó ní kí àgbàlagbà fara da ọmọdé. Ohun tí ó ń sọ ni pé kíkéré ọwọ́ ọmọdé gan-an ni ó mú kí ó wúlò. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tóbi bí ti baba rẹ̀, ohun tí ó wà nínú kèrèǹgbè yóò wà níbẹ̀ títí. Ìyàtọ̀ ni ó di ìpìlẹ̀ ìwúlò.

Síbẹ̀, inú ilé kan náà ni òwe yìí ti ń sọ̀rọ̀. Ọmọdé àti àgbàlagbà tí ó dárúkọ jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan ni. Òwe náà kò sọ ẹni tí ó yẹ kí wọ́n kà mọ́ ará ilé. Ìbéèrè yẹn ni ìtàn àwọn ìlú fi síwájú àwọn Yorùbá nígbà tí ogun tú wọn ká.

Àwọn Ìlú tí Ogun Kó Jọ

Ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé àti àwọn ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún kó àwọn ènìyàn tí kò bára wọn gbé rí sójú kan. Ọ̀nà tí ìlú kọ̀ọ̀kan gbà yanjú ọ̀rọ̀ náà kò jọra.

Abẹ́òkúta, tí wọ́n tẹ̀dó ní nǹkan bí 1830 lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, gba ọ̀nà ìdúró-ẹgbẹ́-ara-wọn. Àwọn Ẹ̀gbá Aláké, Òkè-Ọnà àti Gbágùrá, pẹ̀lú àwọn Òwu tí wọ́n dé lẹ́yìn, kò yọ́ pọ̀ di ọ̀kan. Àwọn ìlú kéékèèké tí ogun lé kúrò nínú igbó Ẹ̀gbá mú orúkọ wọn àti oyè wọn dání wá sí abẹ́ Olúmọ. Títí di òní, Aláké, Ọṣilẹ̀, Àgùrá àti Olówu ni ó wà nínú ìlú kan ṣoṣo. Ìdènà ọ̀tá ni ó kó wọn jọ. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n tú ká ni pé ẹnikẹ́ni kò ní kí èkejì gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni Ìbàdàn gbà. Ibùdó ogun ni ní nǹkan bí 1829, àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá sì ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Níbẹ̀, oyè kì í ṣe ti ìdílé ọba kan. Ẹni tí ó bá ní ọmọ ogun, tí ó sì ní orí ire, lè gun àkàbà oyè láti ìsàlẹ̀ dókè, yálà ní ìlà Balógun tàbí ní ìlà tí ó ń jẹ Baálẹ̀, oyè tí ó di Olúbàdàn ní 1936. Ìdí nìyí tí àwọn òǹkọ̀wé kan fi ń pe Ìbàdàn ní ìlú tí ẹ̀bùn ju ìran lọ. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n fi adùn nìkan sọ ìtàn náà. Máyẹ̀ Okùnadé, ará Ifẹ̀, ni ó kọ́kọ́ jẹ́ olórí ibùdó náà. Ìjà tí ó tẹ̀lé e lé òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde, àwọn Ọ̀yọ́ sì gba ipò iwájú. Ìlú tí ó ṣí ìlẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ pinnu ẹni tí yóò dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn náà.

Èkó fi apá kẹta hàn. Àwọn Sàró tí wọ́n ti Sierra Leone dé àti àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil àti Cuba dé bá àwọn onílé níbẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Shitta Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, jẹ́ ẹ̀rí tí ó ṣì dúró. Mùsùlùmí Sàró ni ó fi owó rẹ̀ kọ́ ọ, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ Àgùdà ni iṣẹ́ náà sì ti jáde, bíríkì àti ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ sì jọ ti àwọn ilé Brazil. Kò sí òfin tí ó pàṣẹ irú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni ẹni tí ó lówó ń wá.

Òwe kan ṣe àkópọ̀ ọ̀nà tí àwọn ìlú wọ̀nyí fi ń gba àlejò: bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ìgbéyàwó, orúkọ, ilà ojú àti agbo ilé sọ ọ̀pọ̀ àjèjì di ọmọ ìlú. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n kí onímọ̀ ṣàkíyèsí pé ewé tí ó di ọṣẹ kì í ṣe ewé mọ́. Òwe náà gba àlejò nípa pípa ìyàtọ̀ rẹ̀ rẹ́; kò sọ pé ìlú níláti ka ewé sí nígbà tí ó ṣì jẹ́ ewé. Níbi tí àlejò ti pa ìyàtọ̀ rẹ̀ mọ́, ipò rẹ̀ kì í tètè yanjú. Àwọn ará Ọ̀yọ́ tí wọ́n tẹ̀dó sí Modákẹ́kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé-Ifẹ̀ gbé ibẹ̀ ju àádọ́jọ ọdún lọ, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ onílẹ̀ àti àtìpó ṣì dá ogun sílẹ̀ láàrin ìlú méjèèjì ní 1997 sí 2000. Yorùbá ni wọ́n ní ìhà méjèèjì, èdè kan náà ni wọ́n sì fi ń bú ara wọn.

Ìṣọ̀kan gẹ́gẹ́ bí Iṣẹ́ Ọ̀rúndún Kọkàndínlógún

Ní àkókò kan náà, àwọn ọ̀mọ̀wé ń lọ ní òdìkejì. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1843. Ìpàdé lórí àkọtọ́ wáyé ní Èkó ní 1875. Odindi Bíbélì sì jáde ní 1884. Iṣẹ́ wọ̀nyí sọ ọ̀kan-ò-jọ̀kan ẹ̀ka-èdè di èdè ìwé kan, tí ẹ̀yà Ọ̀yọ́ jẹ́ òpó rẹ̀. Orúkọ náà, Yorùbá, tí ó ti jẹ́ ti àwọn Ọ̀yọ́ nìkan, wá gba Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Oǹdó àti Ẹ̀gbá mọ́ra. Láìsí iṣẹ́ yìí, kò ní sí ẹ̀kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, kò sì ní sí ìwé ìròyìn ìjìnlẹ̀ kankan ní èdè náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wá kì í ṣe onírúurú. Lójú àwọn tí wọ́n kọ àkọtọ́, ìyàtọ̀ ẹ̀ka-èdè jẹ́ ìṣòro tí ó yẹ kí wọ́n borí. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàpèjúwe ẹ̀ka-èdè fún ẹwà àti ètò tirẹ̀, ní ọ̀rúndún ogún, ni ojú wọn yí padà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí ni pé ìṣọ̀kan ni ó sábà máa ń ṣáájú. Àwùjọ kì í bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyì fún ìyàtọ̀ àfi ìgbà tí ó bá ti dá a lójú pé ìyàtọ̀ náà kò ní fọ́ òun.

Èrò náà Lókè Òkun

Àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà náà kò tètè dé ipò kẹta. Nínú On Liberty, tí ó jáde ní 1859, John Stuart Mill jiyàn pé ìyàtọ̀ nínú ìwà àti ìgbé ayé ń mú kí àwùjọ tẹ̀síwájú. Ní 1915, Horace Kallen tako èrò pé kí àwọn àjèjì tí ń wọ Amẹ́ríkà yọ́ pọ̀ bí irin nínú ìkòkò. Lójú rẹ̀, ìjọba tiwa-n-tiwa gba kí olúkúlùkù mú èdè àti àṣà rẹ̀ dání. Canada sọ èrò bẹ́ẹ̀ di ètò ìjọba ní 1971.

Ẹjọ́ tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ayé ni ti Bakke, tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà dá ní 1978. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ní California ya àyè 16 sọ́tọ̀ nínú 100 fún àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ti fìyà jẹ rí. Ilé ẹjọ́ fagi lé kóta náà. Ṣùgbọ́n adájọ́ Lewis Powell gbà pé yunifásítì lè ka ẹ̀yà ènìyàn mọ́ ohun tí ó ń gbé yẹ̀ wò, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kẹ́kọ̀ọ́ dáadáa níbi tí onírúurú ènìyàn bá wà. Àlàyé yìí yí ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ padà. Kì í ṣe àtúnṣe ìwà ìrẹ́jẹ àtijọ́ ni ó gbé e dúró mọ́, bí kò ṣe àǹfààní gbogbo kíláàsì. Ilé ẹjọ́ náà fọwọ́ sí i ní 2003, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2023.

Ní ìhà ti àṣà, UNESCO ṣe ìkéde lórí onírúurú àṣà ní 2001, ó sì ṣe àdéhùn lé e lórí ní 2005. Yorùbá jẹ nínú oúnjẹ yìí: Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gba ìdámọ̀ ní 2001, Ifá àti igbó Ọ̀ṣun-Òṣogbo sì gba tiwọn ní 2005.

Nàìjíríà: Láti Ìbẹ̀rù dé Òfin

Ní Nàìjíríà, ìbẹ̀rù ni ó bí èrò náà. Òfin ìpìlẹ̀ Richards ti 1946 pín orílẹ̀-èdè sí ẹkùn mẹ́ta. Obafemi Awolowo, nínú ìwé rẹ̀ Path to Nigerian Freedom ti 1947, jiyàn pé ètò àpapọ̀ tí ó ka èdè àti ìran sí nìkan ni ó lè dúró. Ètò àpapọ̀ dé ní 1954, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ńlá kan ni ó jọba lórí ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ Willink, tí ó jábọ̀ ní 1958, gbọ́ ẹ̀sùn àwọn ẹ̀yà kéékèèké. Ó gbà pé ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ìtàn àròsọ, síbẹ̀ kò gbà pé kí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀; ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nínú òfin ni ó fi rọ́pò rẹ̀. Kí ọdún mẹ́sàn-án tó pé lẹ́yìn ìyẹn, ìpínlẹ̀ 12 ti wà, ogun abẹ́lé sì ti kan ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ogun ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í sọ onírúurú di ohun àmúṣe. Ètò agùnbánirọ̀ dé ní 1973, láti mú kí ọ̀dọ́ sin ilẹ̀ níbi tí kì í ṣe ti wọn. Ní October 1975, nígbà tí Murtala Mohammed ń ṣí ìgbìmọ̀ tí yóò kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun, tí Rotimi Williams jẹ́ alága rẹ̀, ó mẹ́nu kan ìlànà tí gbogbo ènìyàn wá mọ̀ sí Federal Character. Òfin 1979 sì gbé e wọlé: kí ìjọba má ṣe jẹ́ ti àwọn ènìyàn láti ìpínlẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀.

Ìgbà kan náà ni èyí àti ẹjọ́ Bakke. Amẹ́ríkà kọ kóta, ó sì gba onírúurú nítorí ẹ̀kọ́. Nàìjíríà gba ohun tí ó jọ kóta, nítorí kí ilé má bàa dà wó. Ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè ni ohun tí ìyàtọ̀ ń mú wá sínú kíláàsì. Ní Nàìjíríà, ìbéèrè ni ẹni tí ó wà nídìí àwo àti ẹni tí kò sí níbẹ̀. Kò sí àbùkù nínú ìbéèrè kejì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó ti bá a lọ. Ṣùgbọ́n ìlànà tí ìbẹ̀rù bí máa ń ka orí. Kì í sábà béèrè ohun tí ó wà nínú orí náà.

Ọmọ Ìlú àti Ará Ìlú

Láti ka orí, òfin níláti sọ ibi tí orí kọ̀ọ̀kan ti wá. Abala 318 òfin 1999 ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí rẹ̀ kan tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan jẹ́ ọmọ ìran tí ó ni ilẹ̀ níbẹ̀. Abala 147 sì fi dandan lé e pé kí mínísítà kan, ó kéré tán, wá láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀. Àjọ Federal Character, tí ìjọba ológun fi àṣẹ dá sílẹ̀ ní 1996, wá di ọwọ́ tí ń mú ìlànà náà ṣẹ.

Òfin kan náà sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Abala 15 ní kí ìjọba fi ìdí ẹ̀tọ́ ìgbélùú kíkún múlẹ̀ fún ọmọ orílẹ̀-èdè gbogbo níbikíbi, kí ó sì gba àwọn ènìyàn níyànjú láti fẹ́ ara wọn láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà. Ọ̀rọ̀ onírúurú inú abala 14, ìlà kẹrin, sì kan àwọn ènìyàn tí wọ́n wà ní agbègbè náà, kì í ṣe àwọn ọmọ onílẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n orí kejì òfin ni àwọn abala wọ̀nyí wà, abala 6 sì ti sọ pé ilé ẹjọ́ kò lè gbọ́ ẹjọ́ lórí ohun tí ó wà nínú orí náà. Ìlà tí ó fi dandan lé ọmọ bíbí nínú yíyan mínísítà wà ní ibi tí ilé ẹjọ́ lè dé, ìlànà pípín ipò ní àjọ tí ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀tọ́ ẹni tí ń gbé ìlú kò ní méjèèjì.

Ẹni tí ó wà láàrin ni ìyà náà ń jẹ. Ọmọ tí wọ́n bí sí Sábó ní Ìbàdàn, àdúgbò tí àwọn Haúsá ti ń gbé láti 1916, tí baba rẹ̀ àti bàbá àgbà rẹ̀ sì sin ara wọn síbẹ̀, lè sọ Yorùbá bí omi, kí ó má sì rí ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ gbà níbẹ̀. Obìnrin Oǹdó tí ó fẹ́ ọkọ sí Kwara gbọ́ràn sí òfin lẹ́nu nípa ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ abala 318 kò mẹ́nu kan ọkọ, ọgbọ̀n ọdún tí ó lò ní Ìlọrin kò sì sọ ọ́ di ará ibẹ̀.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe àjèjì sí Yorùbá, nítorí wọ́n ti jẹ́ àtìpó rí. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Òfà àti Ṣakí gbé Ghana títí wọ́n fi bímọ, tí wọ́n sì kọ́lé níbẹ̀. Ní November 1969, ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá. Àwọn tí wọ́n padà dé ilé bá ìlú tí ń pè wọ́n ní ọmọ onílùú, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn kò mọ̀ rí. Ewé ti pẹ́ lára ọṣẹ níbẹ̀. Ìwé ni wọ́n fi yọ ọ́ kúrò.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé onírúurú kò fi ìgbà kan ṣoṣo di ohun iyì, kò sì gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Abẹ́òkúta pa orúkọ mọ́, Ìbàdàn ṣí ọ̀nà oyè sílẹ̀, Èkó jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ pàdé owó, àwọn òǹkọ̀wé sì wá ìṣọ̀kan èdè kí wọ́n tó padà wá ẹwà ẹ̀ka rẹ̀. Nàìjíríà fi òfin ṣe tirẹ̀, nítorí ogun ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ pé ìfaradà nìkan kò tó. Federal Character dá ìbẹ̀rù dúró dé ìwọ̀n kan, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó ń kà ni èyí tí ènìyàn jogún, kì í ṣe èyí tí ó mú wá sí àdúgbò. Ó mọ iye ọwọ́ tí ó wà nínú ilé. Kò béèrè ọwọ́ tí ó lè wọ kèrèǹgbè. Bí àwọn aṣòfin bá tún jókòó ti òfin ìpìlẹ̀, ohun tí ó wà níwájú wọn kì í ṣe bóyá kí wọ́n fi iyì fún onírúurú tàbí kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí abala 14 ti dáhùn ìyẹn. Ohun tí ó kù ni kí wọ́n gbé ẹ̀tọ́ ìgbélùú inú abala 15 lọ sí ibi tí ilé ẹjọ́ lè dé, kí wọ́n sì sọ iye ọdún tí ènìyàn yóò gbé ìlú kan, tí yóò san owó orí níbẹ̀, tí yóò sì sin òkú rẹ̀ síbẹ̀, kí fọ́ọ̀mù tó dẹ́kun bíbi í léèrè ibi tí ó ti wá.